Orí Keje: Láti Kíláàsì Ìwé Kíkà dé Ẹnu Ọ̀nà Ààfin Aké

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìwòyí pé ta ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, èsì méjì ló sábà máa ń jáde lẹ́nu wọn: ìyá Fẹlá ni, tàbí obìnrin tí wọ́n ní òun ló kọ́kọ́ wa mọ́tò ní Nàìjíríà. Ti àkọ́kọ́ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ló ń júwe, kì í ṣe ìyá. Ti ìkejì, àwọn tó bá fẹ́ jiyàn lé e lórí lè máa jà á lọ. Orí yìí kò dá lé mọ́tò. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni iṣẹ́ tí obìnrin yìí fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe láàárín àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, iṣẹ́ tí kò sí owó oṣù nídìí rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí abẹ́rẹ́ àti òwú, tó sì le débi pé ọba fi ààfin sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kí a tó wọlé. Ọmọ Ẹ̀gbá tó bá pe irú àgbà bẹ́ẹ̀ ní “ó” lójú àwọn òbí rẹ̀ yóò gbọ́ tirẹ̀. A mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló wà nínú ìtàn yìí, bí a bá sì ń pe gbogbo wọn àti aṣáájú wọn ní “wọ́n”, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ ẹni tó ṣe kí ni. Kí àwọn àgbà fojú fo èyí.

Ọmọ àwọn tó ti Sàró bọ̀

Ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1900 ni wọ́n bí i sí Abẹ́òkúta. Thomas ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ní ìdílé bàbá yìí, ìyá ńlá kan wà tí wọ́n mú lẹ́rú nígbà ogun, tí ọkọ̀ ojú omi gbé lọ, tó tún padà láti Sàró (Sierra Leone) wá sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ti gba ìgbàgbọ́, wọ́n ti mọ̀wé, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ilé ìwé ọmọ ṣeré.

Nígbà tí Abeokuta Grammar School ṣílẹ̀kùn fún ọmọbìnrin ní ọdún 1914, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Ní ọdún 1919 ó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí ilé ẹ̀kọ́ Wincham Hall ní agbègbè Cheshire. Ó padà dé ní ọdún 1922. Nígbà tó ń lọ, Frances Abigail ni wọ́n fi ń pè é. Nígbà tó dé, ó ti jọ̀wọ́ orúkọ méjèèjì fún àwọn tó ni ín. Láti ìgbà náà lọ, Fúnmiláyọ̀ ni.

Ní ọdún 1925 ó fẹ́ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, olùkọ́ tó di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, tí òun náà wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, ibẹ̀ ni ìyàwó ti kó àwọn ọmọ kéékèèké jọ sí kíláàsì, nígbà tí kò tíì wọ́pọ̀ pé kí ọmọ tí kò tó ilé ìwé máa lọ síbi ẹ̀kọ́. Nígbà tó di ọdún 1932, wọ́n padà sí Abẹ́òkúta, ọkọ sì di ọ̀gá Abeokuta Grammar School. Ilé wọn kò ṣófo rí. Ọmọ tiwọn àti ọmọ ilé ìwé ló ń gbé e.

Ta ló mọ̀nà oko?

Yorùbá ní orúkọ fún oríṣiríṣi ìrànlọ́wọ́ tí kì í ṣe ti owó. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́lé, tó pe àna àti ojúlùmọ̀ jọ, tó sì se oúnjẹ sílẹ̀ dè wọ́n, ọ̀wẹ̀ ló bẹ̀. Bí àwọn àgbẹ̀ bá ń yí oko ara wọn po, tèmi lónìí, tìrẹ lọ́túnla, àáró ni wọ́n ń ṣe. Ẹ kíyè sí ohun kan nínú méjèèjì: ẹni tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́ ló ń ṣíwájú lọ sí oko. Òun ló mọ ibi tí èpò ti pọ̀ jù. Kò sí alábàáṣe tó máa gbé ọkọ́ dé tí yóò máa ro ibi tó wu ojú tirẹ̀.

Iṣẹ́ àfínnúfíndọ̀ṣe ti ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣoore ló ń yan oko, òun ló ń yan ọkọ́, òun náà ló ń sọ ìgbà tí iṣẹ́ parí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹgbẹ́ tí Fúnmiláyọ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ṣe rí. Abeokuta Ladies’ Club lorúkọ rẹ̀. A ó máa pè é ní Ẹgbẹ́ Lédì. Ìyàwó àlùfáà, olùkọ́ àti obìnrin tó kàwé ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń kọ́ bí a ti ń se oúnjẹ àlejò, wọ́n ń bójú tó ìwà àwọn ọmọbìnrin tó ń dàgbà. Kò sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí aláró, aláṣọ, onírẹsì àti oníṣòwò epo kún títí, kò sí ọlọ́jà kan nínú wọn.

Ní ọdún 1944, wọ́n mú obìnrin ọlọ́jà kan wá bá Fúnmiláyọ̀. Kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ owó ló wá tọrọ. Ìwé kíkà ló fẹ́ mọ̀. Ẹ̀bẹ̀ kékeré yìí ló yí ẹgbẹ́ náà padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà fún àgbà, àwọn ọlọ́jà sì ń ya wá. Wọlé Ṣóyínká, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òléwájú ẹgbẹ́ náà, rántí nínú ìwé rẹ̀ “Aké” pé àwọn ọmọdé bíi tòun náà máa ń bá àwọn ìyá wọ̀nyí kàwé, wọ́n sì ń jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá ti kọ́ àgbàlagbà ní ìwé rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í mọ sórí a-b-d. Bí ọwọ́ bá ti sinmi, ẹnu á bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ń jáde lẹ́nu wọn nígbà náà ni ìrẹsì. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, ìjọba amúnisìn ń wá oúnjẹ, wọ́n sì fi òfin dé iye tí a lè tà á. Ní Abẹ́òkúta, àwọn aṣojú aláṣẹ máa ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ní owó tí kò tó ti ọjà, nígbà mìíràn wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé e. Ní Èkó, Àlímọ́tù Pẹlẹ́wúrà àti àwọn ọlọ́jà rẹ̀ náà ń bá irú ìdíyelé bẹ́ẹ̀ jà lọ́dọ̀ tiwọn. Àwọn Lédì kò mọ nǹkan kan nínú gbogbo èyí tẹ́lẹ̀. Ọjà kan náà ni wọ́n ti ń ra ìrẹsì sè, àmọ́ wọn kò gbọ́.

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ, wọn kò rí ìdáhùn gidi. Wọ́n gbé e lọ sínú ìwé ìròyìn. Ní ọdún 1945, gbígba ìrẹsì dáwọ́ dúró. Ẹgbẹ́ tó ń kọ́ni ní ìwé ti rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ òun ló mọ̀nà oko.

Owó orí

Láti lóye ohun tó tẹ̀ lé e, ó yẹ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Títí di ọdún 1914, Ẹ̀gbá ní ìjọba tirẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí. Ọdún náà ni wọ́n gba òmìnira yìí. Ní ọdún 1918 wọ́n gbé owó orí tààrà dé, ìyẹn sì wà lára ohun tó bí Ogun Adubí ní ọdún kan náà. Wọ́n fi ìbọn pa ogun náà, owó orí sì dúró.

Ètò ìjọba tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni pé kí ọba nìkan jẹ́ aláṣẹ ìbílẹ̀ lójú òfin. Ní ayé àtijọ́, Ògbóni wà, Pàràkòyí wà, Ìyálóde wà, ọba kì í sì í dá ṣe é. Lábẹ́ ètò tuntun, ajẹ́lẹ̀, òyìnbó aṣojú ìjọba, ló wà lẹ́yìn ọba, ọba ló sì wà níwájú gbogbo ènìyàn. Láti ọdún 1920, Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì ni Aláké. Kò ní tọ́ kí a sọ ọ́ di ìkà inú àlọ́: ọ̀mọ̀wé ni, ó sì wà láàárín ọ̀gá tó ń béèrè owó àti ará ìlú tí kò fẹ́ san. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ohun gbogbo, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹjọ́ sì ń lọ.

Ní Abẹ́òkúta, owó orí obìnrin yàtọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Iyán lè máà tó ilé jẹ, ìyàwó á san tirẹ̀, ọkọ á san tirẹ̀. Ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí san án ní ọmọ ọdún 15; ọmọkùnrin, ní 16. Ta ló ní ìwé ọjọ́ ìbí nígbà náà? Àwọn agbowó-orí máa ń tú aṣọ lára àwọn ọmọbìnrin láti wò bóyá wọ́n ti bàlágà. Kò sí ohun mìíràn nínú ìtàn yìí tó dun àwọn ìyá tó bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bò ó.

Bákan náà, ọjà ti ń bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn aládìrẹ, tí iṣẹ́ wọn ti sọ orúkọ Abẹ́òkúta di mímọ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti bá ìjọba Aláké fa wàhálà ní ọdún 1936 lórí irú aró àti ọ̀dà tí wọ́n lè lò, débi tí wọ́n fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Owó ń wọlé díẹ̀, owó orí kò dín. Kò sì sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an.

Aṣọ tuntun, èdè àtijọ́

Ní ọdún 1946, Ẹgbẹ́ Lédì kú, Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta sì rọ́pò rẹ̀. Gbogbo obìnrin ló lè wọ̀ ọ́, ó kàwé ni o, kò kàwé ni o. Àlùfáà Ransome-Kútì bá wọn kọ òfin ẹgbẹ́. Láìpẹ́, iye ọmọ ẹgbẹ́ di 20,000. Kíláàsì ìwé kíkà kò dúró; wọ́n tún fi àjọṣe àwọn awunṣọ àti ìtọ́jú aláboyún kún un.

Fúnmiláyọ̀ fi kóòtù àti gáùn sílẹ̀. Ìró, bùbá àti gèlè ni wọ́n ń rí lára rẹ̀ láti ìgbà náà títí tó fi dàgbà. Bó bá lọ bá ajẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀ ní gbangba, Yorùbá ló ń sọ. Ẹ rántí pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti kàwé. Kò sí ohun tí ajẹ́lẹ̀ fẹ́ sọ tí kò ní gbọ́. Àmọ́ bí òun bá sọ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn obìnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò nílò ògbufọ̀. Bí ó bá sọ Yorùbá, ajẹ́lẹ̀ ni. Ó yan ẹni tí ògbufọ̀ tọ́ sí.

Wọ́n bẹ Aláké, wọ́n kọ̀wé, wọ́n tún fi akáǹtáǹtì yẹ ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ wò kí ọ̀rọ̀ wọn má baà jẹ́ ti ẹnu lásán. Ìdáhùn tí wọ́n rí ni pé owó orí tún gòkè. Fúnmiláyọ̀ kọ̀, kò san tirẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí kóòtù. Ní àárín ọdún 1947 ló bá ikọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC, tí Azikiwe ṣáájú, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Òun nìkan ni obìnrin nínú wọn. Níbẹ̀ ló ti kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Daily Worker, níbi tó ti sọ pé obìnrin ilẹ̀ wa ní ọwọ́ nínú ọrọ̀ ajé àti ìṣàkóso kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé, àti pé ìjọba wọn ló sọ obìnrin di ẹrú. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ àwọn aláṣẹ ilé nínú rárá.

Ìsùnta ní Aké

Ní ọjọ́ 29 àti 30 oṣù kọkànlá ọdún 1947, àwọn obìnrin tó lé ní 10,000 kó ara wọn lọ síwájú ààfin Aké, wọ́n sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá, wọ́n tún padà. Ó di ọjọ́ 10 kí wọ́n tó kúrò, nígbà tí àwọn aláṣẹ ti tú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà tí wọ́n ti mú sílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ìbínú lásán ló kó irú èrò bẹ́ẹ̀ jọ kò tíì ṣètò ìpàdé rí. Àwọn aláṣẹ kì í fún wọn ní ìwé àṣẹ láti wọ́de, nítorí náà wọ́n pe ìwọ́de ní ìjáde fàájì àti ọdún. Ta ni yóò ní kí obìnrin má ṣọdún? Fúnmiláyọ̀ kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe bo ojú àti imú bí ọlọ́pàá bá yin tajútajú, àti bí wọn yóò ṣe gbé agolo rẹ̀ sọ padà. Wọ́n ní ìyá ọjà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan tó lè rán ọ̀rọ̀ káàkiri kí ilẹ̀ tó mọ́. Orin wà pẹ̀lú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin, tí wọ́n ń fi bú ọba àti àwọn agbowó-orí. Ẹni tó bá mọ obìnrin Yorùbá nídìí orin òwe mọ̀ pé ọba kò lè fi ọlọ́pàá lé irú rẹ̀ kúrò létí.

Ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó aláṣẹ bá a sọ̀rọ̀ kòbákùngbé pé kó pa àwọn obìnrin rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ó bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn tàn ká Abẹ́òkúta ju ìwé ẹ̀bẹ̀ èyíkéyìí tí ẹgbẹ́ náà kọ lọ.

Ní ọdún 1948, wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso, òun náà jẹ́ ọ̀kan. Àwọn Ògbóni, tí ètò ọba-nìkan ti gba àga lábẹ́ wọn, náà kẹ̀yìn sí Aláké. Ní òpin oṣù keje ọdún 1948 ọba kúrò nílùú, ó lọ sí Òṣogbo. Ní oṣù kìíní ọdún 1949 ó kọ̀wé fi oyè sílẹ̀. Ẹ má fi ìtàn náà mọ síbẹ̀ o, bí àwọn kan ti máa ń ṣe. Ní oṣù kejìlá ọdún 1950 Aláké padà sórí oyè, ó sì wà níbẹ̀ títí tó fi wàjà ní ọdún 1962. Ohun tí kò bá a padà ni agbára láti dá ṣe é.

Ohun tí ìdìbò kò fún un

Iṣẹ́ náà gbòòrò. Ní ọdún 1949 ó di ẹgbẹ́ obìnrin fún gbogbo Nàìjíríà. Ní ọdún 1953 wọ́n ṣe àpérò ní Abẹ́òkúta, àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin láti ibi púpọ̀ sì jáde níbẹ̀. Ó rìnrìn àjò lọ sí àwọn ìlú òkèèrè, títí kan Ṣáínà. Torí èyí, ìjọba kọ̀ láti tún ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣe ní ọdún 1957, Amẹ́ríkà náà kò sì fún un ní físà. Kò sí ẹ̀rí pé ó jẹ́ kọ́múníìsì. Ẹni tó bá ṣáà ti pè é wá sọ̀rọ̀ nípa obìnrin, á dáhùn.

Ó díje fún ipò òṣèlú ní ọdún 1951, kò wọlé. Ní ọdún 1959 ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì, ó dá dúró díje, kò tún wọlé, ló bá dá ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ sílẹ̀, tí kò tọ́jọ́. Ìdí kan wà tí ó tó ronú lé. Lábẹ́ òfin ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, owó orí ni wọ́n fi ń mọ olùdìbò. Àwọn obìnrin tó gbà kúrò lọ́wọ́ owó orí, púpọ̀ nínú wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò fún un.

Ọkọ rẹ̀ ti kú ní ọdún 1955. Àwọn oyè ìdánilọ́lá dé lẹ́yìn: ti ìjọba Nàìjíríà ní 1965, ti Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ẹ̀bùn àlàáfíà Lenin ní 1970. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn náà ló jọ̀wọ́ Ransome, tó gba Aníkúlápó bíi ti ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n sì ju ìyá ẹni ọdún 76 náà láti ojú fèrèsé òkè. Kò gbádùn mọ́ lẹ́yìn èyí. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí orí yìí fi hàn láàárín àáró àti iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Lédì kí ọdún 1944 tó dé? Ǹjẹ́ o gbà bẹ́ẹ̀?

2. Ṣàlàyé ìdí tí Fúnmiláyọ̀ fi ń sọ Yorùbá fún ajẹ́lẹ̀. Ta ló jèrè rẹ̀?

3. “Àwọn obìnrin ló lé Aláké kúrò.” Kọ ojú ìwé méjì lórí gbólóhùn yìí. Má gbàgbé ipa Ògbóni, má sì gbàgbé ọdún 1950.

4. Lọ bá ìyá ọlọ́jà kan ní àdúgbò rẹ. Kí i dáadáa, ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Béèrè gbogbo owó tó ń san kí ilẹ̀ tó ṣú: ti ṣọ́ọ̀bù, ti ìgbálẹ̀, ti ẹgbẹ́, ti ìjọba ìbílẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kí o sì kà á padà sí i létí.